Àmì Pupa Lábẹ́ Fáànù

Ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rántí, àyà mi ṣì máa ń já. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ṣìmí lorúkọ mi. Festac l'Ékòó ni wọ́n bí mi sí, nínú kílóòsì kan, àdúgbò kékeré tí ojú ọ̀nà ẹ̀ kò já síbì kan, ní 23 Road, mi ò sì tíì kó kúrò níbẹ̀. Inú máa ń tètè bí mi. Mo fẹ́ràn géèmù kọ̀ǹpútà débi pé mo lè gbàgbé oúnjẹ lórí iná. Ẹni tó bá ní géèmù kì í ṣe nǹkan obìnrin, kó wá jókòó tì mí ká jọ sáré mọ́tò, yóò mọ ẹni tó ń bá ṣeré.

Lọ́dún 2007 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà. Tí mo bá tan géèmù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dára, mọ́tò mi á máa sá geere. Tó bá ti di ìṣẹ́jú kọkànlá, gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mọ́tò á máa rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwòrán á dúró, á tún fò, kí n tó mọ̀, mo ti kọlu ògiri, ẹni tí mi ò kà sí rárá á sì ti kọjá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò ó. Ṣé kí n pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ ẹ̀ ni? Prósẹ́sọ̀ ni nǹkan pẹlẹbẹ kékeré tó ń ṣe ọpọlọ fún kọ̀ǹpútà. Tí ìyẹn bá yá, gbogbo ara á yá. Àbí kí n ta gbogbo ẹ̀ dànù, kí n wá òmíràn? Lọ́jọ́ kan màá ní òfò ni kí èèyàn máa náwó lé ohun tó ti gbó lórí. Lọ́jọ́ kejì màá wo ojú ẹ̀, àánú ẹ̀ á ṣe mí. Òun ni mo fi tẹ iṣẹ́ àṣejáde mi ní yunifásítì, òun ni mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi ríṣẹ́. Níkẹyìn mo pinnu pé màá pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ náà. Mi ò sì wá ẹni tí màá dá lẹ́bi kiri, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ẹni tó sọ kọ̀ǹpútà mi di aláàárẹ̀. Waris ni.

Waris ni ọmọ Àlàájì Múrítàlá, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu kílóòsì wa. A jọ dàgbà ni. Tí bàbá ẹ̀ bá lọ ra ọjà, ilé wa ló ti ń jẹun, Mọ́mì ló sì ń pe ìyá mi bí èmi náà ṣe ń pè é. Nígbà tí àwa yòókù ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré, òun ń tú inú ẹ̀ wò. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, gbogbo àdúgbò ló ń gbé kọ̀ǹpútà wá fún un. Òun ló bá mi yan tèmi nígbà tí mo ra tòkunbọ̀ yìí ní 2004, òun ló sì wá prósẹ́sọ̀ tó lágbára sínú ẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé nǹkan fún atúnṣe rí l'Ékòó mọ ìdí tí a fi ń sàmì sí i. O lè gbé èyí tó dára lọ, kí wọ́n fi èyí tó ti kú rọ́pò fún ọ. Nítorí náà, kí Waris tó de gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mú ọ̀dà èékánná mi pupa, mo kán díẹ̀ sí ara gbogbo nǹkan inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Waris rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣìmí, èmi náà lò ń sàmì dè?" Mo ní kì í ṣe òun, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ni. Ó wá gbé fáànù lé prósẹ́sọ̀ lórí, ó dè é pa. Ó ní kí n má fi ìdérí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà dé e, kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, nítorí ooru Èkó.

Ní Jánúárì 2005, ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ilé. Waris wá fọn eruku inú ẹ̀ dànù fún mi nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ta ló ṣí i gbẹ̀yìn? Waris. Ta ló mọ iye tí prósẹ́sọ̀ yẹn ń tà? Waris. Mo ṣírò ẹ̀, ó pé. Ọkàn mi ò tilẹ̀ ṣe iyèméjì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ bá a. Àwọn èèyàn ń ti mọ́sálásí bọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì kún. Mo dúró lórí pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà, mo sì la ohùn. Mo ní, "Waris, olè ni ọ́! O ti jí prósẹ́sọ̀ mi, o fi yẹpẹrẹ rọ́pò ẹ̀!" Gbogbo èèyàn yíjú. Waris jáde síta, ó ní, "Ṣìmí, jọ̀ọ́, rọra. Wo ojú kọ̀ǹpútà ẹ, ó kọ agbára ẹ̀ síbẹ̀, kò dín." Mo ní ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀yin atúnṣe máa ń kọ irọ́ síbẹ̀ fún ojú ayé. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká lọ yọ fáànù ẹ̀, kí o wo àmì ẹ tí o fi ọ̀dà ṣe." Mo dáhùn pé, "Kí n tún ṣí i fún ọ? Kí o lè ráyè jí èyí tó kù?"

Ó wò mí. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó wo ọ̀nà ilé wa, ó sì pa ẹnu dé. Mo ní ẹ wò ó, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Waris wá gbé e. Bọ̀dá Káyọ̀dé onífọ́tò, tí Waris ti ń bá tún tiẹ̀ ṣe láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ẹ̀, ló kọ́kọ́ dé. Mo gbọ́ pé Àlàájì gba àpò irinṣẹ́ ọmọ ẹ̀, ó jù ú sábẹ́ káńtà, ó ní kó wá máa wọn ṣúgà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, mo máa ń rìn lọ sí 4th Avenue. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mi ò fi bá Waris sọ̀rọ̀. Mi ò sì kábàámọ̀.

Nígbà tí mo wá pinnu láti pààrọ̀ prósẹ́sọ̀, ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi fún mi ní nọ́ńbà Àǹtí Folúkẹ́, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ó gun ọ̀kadà wá sílé wa ní ọ̀sán Sátidé, àpò ẹ̀ lẹ́yìn, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́rùn. Mọ́mì wà ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo fi kọ̀ǹpútà han Àǹtí Folúkẹ́ lórí tábìlì níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, mo sì fi ọ̀rọ̀ Waris kún un, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lẹ́nu mi.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ara fáànù, ó gbé ìka náà sí imú.

Ó ní, "Àbúrò, ta ló ń dín àkàrà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ó na ìka náà sí mi. Ó ń dán. Òróró ni.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ti fọwọ́ kan nǹkan tẹ́lẹ̀. Kí ni òróró ń wá nínú kọ̀ǹpútà?"

Ó ní, "Ìwọ ni mò ń bi."

Ó mú irin ìtúdè, ó tú fáànù náà kúrò. Kò fẹ́ẹ́ kúrò, ó fà á títí. Abẹ́ fáànù yẹn ni irin kan wà tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ń gba ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀. Mi ò rí ihò kankan. Eruku ọdún méjì ààbọ̀ ti pò mọ́ òróró, ó ti dì bí ẹ̀kọ tútù, ó dúdú, ó ń rùn. Mo sún mọ́ ọn, mo tún sún sẹ́yìn.

Àǹtí Folúkẹ́ ní, "Prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń dín eré ara ẹ̀ kù kó má bàa jóná. Tí wọ́n bá fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ìwọ nínú ooru Máàṣì, ṣé o máa sáré?" Ó yọ irin náà kúrò, ó da sípíríìtì sí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí prósẹ́sọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Mo mọ nọ́ńbà náà. Òun gan-an ni Waris kà sí mi létí ní 2004. Mo ní bóyá wọ́n jọra ni. Lẹ́yìn náà ló nu igun ẹ̀.

Àmì pupa wà níbẹ̀.

Ọ̀dà èékánná mi. Ibi tí mo kán an sí gan-an, ó tilẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí apá ọ̀tún nítorí mo kánjú lọ́jọ́ náà. Mo fi ìka kàn án. Mi ò gbọ́ ohun tí Àǹtí Folúkẹ́ ń sọ mọ́. Olè, olè, olè: ohùn ara mi ni mò ń gbọ́.

Àǹtí Folúkẹ́ ní, "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo ní kí lo fẹ́ pààrọ̀? Èyí tó lágbára jù tí pátákó kọ̀ǹpútà yìí lè gbà nìyí. Kò sí èyí tó jù ú lọ tó máa wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ọ wá a gbìyànjú gan-an."

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì ti kíṣìnì jáde, abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo òwú tó dọ̀tí lórí tábìlì. Ó wo fáànù. Ojú ẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Háà! Ẹ ti nù ún kúrò?"

Èmi àti Àǹtí Folúkẹ́ yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Mọ́mì, kí ni a nù kúrò?"

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Òróró àdúrà ni, Ṣìmí. Ní àìsùn ọdún tuntun, 2005, pásítọ̀ ní kí gbogbo ìyá lọ fi òróró yan ohun tí ọmọ wọn ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó tì. Mo rò ó yíká, mi ò rí nǹkan mìíràn tí ìwọ ń jókòó tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ẹ̀kán mẹ́ta sí i ní àràárọ̀ Sunday tí o bá ń wẹ̀. Èyí tó ń yí yẹn ni mo ń ta á sí. Mo rò pé ibẹ̀ lẹ̀mí ẹ̀ wà."

Gbogbo Sunday fún ọdún méjì ààbọ̀! Àǹtí Folúkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi!"

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo búra níwájú mi pé ọjọ́ tí o bá rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára kọ̀ǹpútà ẹ, o máa kó jáde nílé yìí? Ẹ̀rù ẹ ń bà mí." Ó wá sọ èyí tó pa mí. "Waris nìkan ló mọ̀. Nígbà tó wá fọn eruku, ó rí òróró náà, ó nu gbogbo ẹ̀. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i mọ́, yóò bà á jẹ́.' Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ọ. Ó ní òun ò ní sọ."

Mo jókòó. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó.

Mo ní, "Ẹ tún wá ń fi sí i?"

"Mo rò pé torí pé kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni òróró àdúrà ṣe máa ba nǹkan jẹ́? Nígbà tí o wá ní ó jalè, mo ní ó lè jẹ́ lóòótọ́, nítorí kò lè jẹ́ òróró." Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. "Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbà pé ọmọ yẹn jalè."

Mo dìde, mo la ẹnu, gbogbo ohùn tí mo ní ti wà lọ́nà ọ̀fun. Mọ́mì sì sún sẹ́yìn. Ìyá tó bí mi fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó di aṣọ àyà ẹ̀ mú, ó ń dúró de ariwo mi. Mo rí i pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mi ò sì kíyè sí i rí. Mo rántí Waris níwájú ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe lanu, tó wo ọ̀nà ilé wa, tó sì pa ẹnu dé. Ó mọ ohun tó ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé kò jalè. Ó gbé orúkọ olè dípò kí n wá sílé wá pariwo mọ́ ìyá mi.

Mo pa ẹnu dé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Àǹtí Folúkẹ́. Mo wọ bàtà, mo sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì kún bó ṣe máa ń kún ní ọjọ́ Sátidé. Waris wà lẹ́yìn káńtà, ó ń wọn ṣúgà sínú ọ̀rá. Ó ti ní irùngbọ̀n. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí àwọn tó ń ra ọjà má bàa gbọ́. Mo ní, "Waris, a ti yọ fáànù ẹ̀. Àmì mi wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Kò gbójú sókè. Àlàájì ló sọ̀rọ̀ láti orí àga ẹ̀. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Waris ni, sà."

Ó ní, "Ohùn yẹn kọ́ lo fi bá a sọ̀rọ̀ níjọ́sí."

Ó yé mi. Mo jáde síta, mo dúró lórí pákó gọ́tà níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó náà, mo sì la ohùn, gbogbo ohùn tí mo ní. Mo ní, "Waris kì í ṣe olè! Ẹ gbọ́ o! Kò jí nǹkan kan! Èmi Ṣìmí ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Àwọn èèyàn jáde. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù bọ́ síta lábẹ́ agbòjò ẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé onífọ́tò sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ lódìkejì títì. Mo tún un sọ nígbà kejì, mo tún un sọ nígbà kẹta, títí ohùn mi fi há.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Kí ló wá jẹ́ kó máa fà nígbà náà? Ṣebí o ní kò yá mọ́."

Mo fẹ́ dáhùn, mo sì rí Mọ́mì lẹ́nu kílóòsì wa. Ó ti tẹ̀ lé mi. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè ilé lórí, ó ń wò mí. Mo wo Waris. Waris náà ti rí i. Ọwọ́ ẹ̀ dúró nínú ṣúgà.

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mi ò tọ́jú ẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Bọ̀dá Káyọ̀dé mi orí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan mìíràn. Waris wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì ààbọ̀, ó wò mí pẹ́. Ó so ẹnu ọ̀rá ṣúgà, ó fún ẹni tó rà á, ó sì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

Ó ní, "Bàbá, àpò mi dà?"

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ káńtà, ó sún páálí ọṣẹ kan, ó fa àpò irinṣẹ́ náà jáde, ó gbé e sórí káńtà níwájú ọmọ ẹ̀. Mo ti ń retí eruku. Kò sí eruku kankan lára ẹ̀. Ẹnì kan ti ń nù ún.

Waris gbé e kọ́ èjìká. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pákó, ó ní, "Dìde. Ibo ni ìdérí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ wà?"

Mo ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó wo Mọ́mì lẹ́nu kílóòsì, ó ní, "Ká lọ dé e."